Rédíò Tí Ọkọ Mi Ń Dá Gbọ́

Rédíò sátẹ́láìtì ti wà nínú mọ́tò àlòkù tí ọkọ mi rà, mi ò sì ní nǹkan kan sí i níbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò náà ló fi ń gbé èrò káàkiri Brooklyn àti Queens, awakọ̀ sì nílò ohun tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í wọlé. Á páàkì síwájú ilé wa ní Canarsie, á yí gbogbo fèrèsé sókè, á sì jókòó síbẹ̀. Èmi á fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa wo ètè rẹ̀ bóyá ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ètè náà kì í mì. Ìyẹn gan-an ló wá já mi láyà, nítorí ẹni tí kò sọ̀rọ̀, tó kàn ń tẹ́tí, ẹlòmíì ló ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo ní kó ra irú rẹ̀ sílé kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó rà á lóòótọ́. Àmọ́ áńténà kékeré kan wà lára rédíò yìí tó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run lápá gúúsù. Bí igi tàbí ilé bá dí i, kò ní sọ̀rọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣe é lò nílé wa wà ní yàrá tí ọmọbìnrin wa fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ọkọ mi ṣe gbé rédíò lọ síbẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́, ó gbé ìrọ̀rí tẹ̀lé e. Ó tún ra hẹ́dífóònù, ó fi bo etí méjèèjì. Kí ni wọ́n ń sọ nínú rédíò tí ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló wá jẹ́ kó dá mi lójú pé ilé mi fẹ́ tú. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi tí mo ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Á ti kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa wo ìta. "Dádì, ẹ káàárọ̀ o." Kò ní dáhùn. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sí ìjà tó ju ìyẹn lọ. Èèyàn lè bú ẹ kó ṣì fẹ́ràn rẹ. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìkíni rẹ ti ń bá ọ yan odì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò fẹ́ di ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ní ìlú onílùú, lẹ́yìn gbogbo òtútù tá a jọ fara dà.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹyẹ ò dédé bà lé òrùlé, ọ̀rọ̀ ló wá gbọ́. Ṣé ẹ ti check fóònù wọn?"

"Mo ti check ẹ̀. Nothing."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Fóònù tó mọ́ tónítóní báyẹn? That one is even worse."

Ìfura loògùn àgbà, ni mo bá tún la ojú mi sí i. Bá a bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, á rọra ṣí rédíò mọ́tò díẹ̀ nítorí tèmi. Bí obìnrin bá ti ń ka ìròyìn, á yí i kúrò títí á fi kan ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ní, ẹ̀rí ọkàn ló ń dá a lẹ́bi. Bí mo bá sì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló máa ń wò, kì í wo ojú mi.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, wọ́n fẹ́ gbá títì, ẹni tí kò bá sì gbé mọ́tò rẹ̀ sí òdìkejì á gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ni mo bá mú kọ́kọ́rọ́. Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ wo abẹ́ ìjókòó, mo tún gbóòórùn ìjókòó bóyá lọ́fíńdà kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣíná sí mọ́tò.

Ariwo tó bú jáde nínú rédíò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi kúrò lórí ìjókòó. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, fèrèsé mọ́tò ń gbọ̀n. Ó ti yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Ẹlòmíì kì í sì í wa mọ́tò náà. Mo pa á, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ tó ń gbá títì fi ń fun fèrè lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo padà wọlé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ṣì ń lọ aṣọ. Kò sí hẹ́dífóònù létí rẹ̀.

"Dádì."

Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀.

"Dádì, ilé ń jó o!"

Ó yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó wọ́n omi sí i. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

Kò bi mí pé kí ni. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ó ti pẹ́. Tí wọ́n bá mọ̀ níbi iṣẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wa mọ́tò mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, Mọ́mì."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Kò sí obìnrin kankan níbì kankan! Díẹ̀ ló kù kí n jó.

"Ṣebí ẹ̀ ń gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù?"

"Ohùn ọkùnrin ṣì ń wọlé díẹ̀, tí mo bá gbé e sókè." Ẹnu mi ló ń wò. "Ohùn tìẹ ló kọ́kọ́ lọ."