Gáàsì Tí A Dá Padà

Ọjọ́ tí sílíńdà gáàsì náà dé sí láàbù wa ní yunifásítì ní Benin, inú Dókítà Fúnmi dùn débi pé kò lè jókòó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Òun ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n mo jù ú lọ́jọ́ orí, "Ẹ̀gbọ́n" ló máa ń pè mí.

Síléènì ni wọ́n ń pe gáàsì yìí. Sílíkọ́nì, èròjà kan náà tó wà nínú iyanrìn, wà nínú rẹ̀. Bí a bá mú un gbóná nínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, sílíkọ́nì á bọ́ sára gíláàsì, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀dà, a ó sì fi ṣe sólà. Wọ́n ń lò ó fún inú kọ̀ǹpútà àti fóònù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gáàsì yìí kò nílò ìṣáná. Bó bá ti kan afẹ́fẹ́, iná ni. Ìdí nìyí tí fáànù ńlá fi gbọ́dọ̀ máa fa èyí tó bá jò jáde títí iṣẹ́ á fi parí.

Gíláàsì àkọ́kọ́ tí a ṣe kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Dókítà gbé e sóòrùn, abẹ́rẹ́ mítà tí a fi ń wọn iná mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́! Benin níbí la ti ṣe é!"

Nígbà tí a ń ṣe èkejì, wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, fáànù dúró. Páìpù gáàsì dún gbàù, iná sì yọ.

"Ẹ jáde, Ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo fẹ́ ti ẹnu sílíńdà pa ni!"

Mo ṣí gbogbo fèrèsé. Ó tì í pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

Nígbà tó tọsibítù dé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tó tà á fún wa wá gbé gáàsì náà padà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́yìn ògiri, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n."

Kò pẹ́ tó fi lọ sí Kánádà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo ra sólà sórí ilé mi ní àdúgbò Ugbor, ní Benin níbí. Ọmọbìnrin mi, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í sọ ọ́, ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ó ní, "Daddy, na China. But una don make am for here before?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wetin come happen?"

Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n mú iná lọ," ni mo wí.