Ìpín Tí Mi Ò Kà

Ní ọjọ́ kẹjọ tí bàbá mi kú, wọ́n pín Kùránì sí ọgbọ̀n fún àwa tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, kí a lè jọ kà á tán, kí láádá rẹ̀, èrè kíkà náà, sì bá òkú lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe àfáà, ló na ìpín tí súrà Tabáraka bẹ̀rẹ̀ sí mi.

"Alákọ̀wé wa, gbà. Àbí wọ́n ti gba kéwú lọ́wọ́ rẹ ní yunifásítì?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi dàrú. Ní yunifásítì, mo wà lára àwọn tó gbà pé Ànábì kò ṣe irú ìjókòó báyìí. Àdúà àti sàárà ń dé ọ̀dọ̀ òkú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ti Kùránì kíkà ni àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé lórí. Èmi fúnra mi ti sọ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní pé kò tọ́. Tí mo bá dìde, ìyá mi á rí mi láti ojú fèrèsé yàrá tó ti ń ṣe tákàbá, ọ̀fọ̀ opó. Tí mo bá kà á, mo ti di alágàbàgebè lójú ara mi. Ògiri wà lẹ́yìn mi, àfáà kan ní ọ̀tún, òmíràn ní òsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè lásán. Mò ń wo ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó ṣí ojú ewé, kí n má baà yára jù ú lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké pé, "Kùránì ti pé o!" Mo gbọ́ ẹkún ìyá mi nínú yàrá: "Alihamudulilahi, wọ́n ti kà á tán fún un."

Mo rò pé ọwọ́ tèmi nìkan ni mo yọ. Mi ò ronú pé ti àwọn yòókù kò pé láìsí tèmi.

Mo gbìyànjú láti pa á mọ́ra fún ọjọ́ méjì. Mi ò lè jẹun níwájú ìyá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò ka ìpín mi.

"Ìyá, ẹ bá mi sọ fún àfáà kí wọ́n gbé ìpín náà fún ẹlòmíràn kà."

"Kí n sọ pé ọmọ òkú ló rẹ́ ẹ jẹ? Lọ ṣe àlùwàlá."

"Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí rẹ̀."

"Bàbá rẹ ò dúró kí wọ́n fẹnu kò kó tó mú ọ lọ ilé-kéwú. Kà á sókè, kí n gbọ́."

Kò sí bí mo ṣe lè fi ètè tan ìyá mi. Alaalẹ́ ni bàbá mi máa ń ka Tabáraka kó tó sùn, ó sì ti há sí ìyá mi lórí. Ibi tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ mì, á ní kí n padà.

Nígbà tí mo parí ìpín náà, ó tẹ́wọ́. "Sọ pé kí láádá ohun tí o kà máa lọ bá bàbá rẹ."

"Ọlọ́hun, forí jìn ín. Fẹ sàréè rẹ̀. Kẹ́ ẹ."

"Àmín. Láádá ni mo ní kí o sọ."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìforíjìn. Kò ṣe àmín mọ́. Kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà ò lè gbé tèmi sílẹ̀.