Bí Èmi àti Ọkọ Tí Mo Kọ̀ Ṣe Gun Alùpùpù Kan Lọ sí Kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ bí èmi àti ọkọ tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ ṣe jọ gun alùpùpù kan ṣoṣo láti Bantè lọ sí kóòtù ní Savalou. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ!

Abọ́ àti ike ni mo ń tà lọ́jà Bantè. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, àmọ́ ẹnu mi, ẹ bi ará ọjà, ẹnu mi ti gboyè. Bàbá Felí, bàbá àwọn ọmọ mi méjèèjì, àgbẹ̀ ni ní Bobè. Ó ń gbin iṣu, ó ní igi kajú. Ọdún kẹta rèé tí kóòtù ti tú wa ká. Kí ló fà á? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́, àwọn ọmọ wà.

Ọjọ́ tí wọ́n tú wa ká gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ bi Bàbá Felí pé èló ló lè máa san lóṣooṣù fún ìtọ́jú ọmọ. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn ẹbí mi tí wọ́n tò bí igi ọgbà. Ó bá fa jákẹ́ẹ̀tì tó yá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tíṣà, ó ní ọ̀kẹ́ méjì owó sẹ́fà! Lóṣooṣù! Bí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kajú, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń so lọ́dún? Ṣé igi kajú ń gbowó oṣù ni? Mo mọ̀ pé kò ní lè ṣe é, mo dákẹ́. Inú mi ń dùn pé ó ń fọ́nnu wọ gbèsè. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀, ó parí.

Ó san oṣù mẹ́ta, owó gbẹ. Bó bá rí mi lókèèrè lọ́jà, ẹ̀yìn àwọn oníṣu ló ń gbà sá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò wá wo àwọn ọmọ mọ́. Felí bi mí pé ṣé bàbá òun ti kú ni. Mo ní rárá o, eré sísá ló ń kọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Felí yege, ó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Aṣọ kakí tí wọ́n ń wọ̀, ìwé, owó ilé-ìwé! Ike mélòó ni n óò tà? Ìyá Ìbejì tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní kí n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù wá gba alùpùpù ọkùnrin náà. Mo rò ó wò. Bí wọ́n bá gbà á, kí ni yóò fi kó iṣu wá sọ́jà? Mo bá gbé báàfù kan rù, mo gba Bobè lọ fúnra mi.

Mo dé oko, mi ò rí ẹnì kankan. Bàtà ọkùnrin nìkan ló wà nídìí igi kajú. Mo gbójú sókè. Yéè! Bàbá Felí ló rọ̀ mọ́ ẹ̀ka bí àdán!

Mo dojú báàfù mi dé, mo jókòó lé e.

“Igi kajú, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gbọ́ pé èèyàn lẹ ń so báyìí. Èló ni kílò kan?”

“Ìyá Felí, jọ̀ọ́, máa lọ. Mi ò lówó.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè owó? Igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

Ibẹ̀ la wà tí èèrà pupa dé. Ẹ mọ èèrà inú kajú, kì í bi èèyàn pé ta ni ìyàwó rẹ. Bàbá Felí gbá itan, ó gbá ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá ju bó ṣe gòkè lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú! Èmi náà ni mo bá a ṣa èèrà lọ́rùn. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó ní ojú ń ti òun, pé bí oṣù bá ti ń parí, òun di olè. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, abẹ́ igi yẹn la ti fẹnu kò: bó bá ta iṣu tuntun, kó fi ra ohun ìlò ilé-ìwé, bó bá ta kajú, kó san owó oúnjẹ ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó iye tí jákẹ́ẹ̀tì ṣèlérí, àmọ́ owó tó bá dé ọwọ́ ni owó.

Àbúrò rẹ̀ tíṣà ló wá kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ abẹ́ igi kì í pa ìwé adájọ́ rẹ́, pé gbèsè àtijọ́ á ṣì máa gorí ara wọn. Ó bá wa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ni a bá gun alùpùpù.

Ìyá Ìbejì pariwo: “Ẹ wá wò wọ́n! Wọ́n ti fẹ́ra padà!”

Mo ní, “Kóòtù là ń lọ!”

“Kóòtù ìgbéyàwó àbí?” Ọjà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Ní Savalou, adájọ́ obìnrin kan bi wá pé ta ló pe ta lẹ́jọ́. A ní kò sẹ́ni. Ó béèrè ìdí tí ọkùnrin náà fi ṣèlérí ohun tí kò ní. Mo ní, “Màmá, jákẹ́ẹ̀tì ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.” Ó fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó ṣàlàyé pé a kò lè tún dúkìá pín mọ́, ìyẹn ti parí. Àmọ́ owó ìtọ́jú ọmọ, bí ìdí bá wà, ó ṣeé tún wò. Mo béèrè pé rédíò mi tí Bàbá Felí mú lọ ńkọ́? Ó ní dúkìá ni. Ó dáa, kò burú kéèyàn béèrè! A padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwé tuntun jáde gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹnu kò lábẹ́ igi, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ilé-ìwé wọlé, ọ̀sán gangan, ọjà kún. Mo rí alùpùpù kan tó ń bọ̀. Kò gba ẹ̀yìn àwọn oníṣu, iwájú ìsọ̀ mi gan-an ló gbà. Bàbá Felí ni! Ó di iṣu sẹ́yìn, ó gbé aṣọ kakí sáyà bí ọmọ tuntun. Felí ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a. Ike ni, kò fọ́.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹ má fi ìgbéraga dá iye lé ara yín, bí ẹ bá sì ti dá a, ẹ má gun igi, ẹ lọ tún un ṣe níbi tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gun igi nítorí yín rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má fi dù mí!