Aago tí Bàbá Àgbà Kò Gbọ́

Láàárọ̀ yìí, aago tó máa ń jí mi lójú oorun dún, mo sì rántí ṣọ́ọ̀bù Bàbá àgbà ní Ọjà Igbó. Aago ni wọ́n ń tún ṣe, ọwọ́ wọn a sì máa rùn fún kẹrosíìnì. Wọ́n máa ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn. Mo rò pé inú ló ń bí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyá kan sì wá gba aago rẹ̀. Ó dán an wò, aago náà sì ké gooro lẹ́yìn Bàbá. Wọn ò tilẹ̀ mira.

"Bàbá, ṣé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyí?" ni ìyá náà béèrè.

Wọn ò dáhùn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé etí wọn ló ti di. Bí ìyá yìí bá mọ̀, ta ni yóò tún gbé aago wá? Mo fọwọ́ kan orúnkún wọn. Wọ́n yíjú, wọ́n wò mí, mo sì rẹ́rìn-ín, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ń dún dáadáa!" ni Bàbá pariwo.

"Ẹ ṣé o, Bàbá." Ìyá náà gbé aago lọ.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ojú mi ni wọ́n ti ń wò tipẹ́, kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé àpótí ìjókòó mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé e sí iwájú wọn gan-an. Mo jókòó, mo gbójú sókè.