Bí Mo Ṣe Fi Àṣìṣe Mú Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run Balẹ̀

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ọ̀gá mi, Bàbá Sàláúù, ti ìrìn àjò dé sí ilé sinimá wa nítòsí Ọjà-Ọba, ó wo fíìmù tí mo ń yí títí ó fi parí, ó wá di orí mú.

"Sùbùhánàláhì! Ràájì, ẹ̀yìn lo gbé síwájú!"

Agolo pẹlẹbẹ márùn-ún ni wọ́n kó fíìmù náà sí, a sì ń yí wọn tẹ̀ léra. Bàbá ti kọ́ mi pé kí n má gba nọ́ńbà ara agolo gbọ́, nítorí àwọn tó yí i ṣáájú wa lè ki fíìmù agolo kan bọ òmíràn. Kí n fà á jáde, kí n wò ó síná. Èmi ń kánjú àtikírun Àyìlà, n ò wo nǹkan kan.

Fíìmù náà dá lórí àwọn mẹ́ta kan tí wọn kò lẹ́ni, tí wọ́n ń gun òkè lójoojúmọ́, tí wọ́n ń retí kí àwọn ẹ̀dá inú ìràwọ̀ wá kó wọn lọ. Wọ́n lálàá pé ọkọ̀ ojú ọ̀run gbé wọn. Nígbà tí wọ́n jí, kò sẹ́ni tó wá, kálukú pa dà sílé. Bí èmi ṣe yí i, wọ́n kọ́kọ́ pa dà sílé, ọkọ̀ wá gbé wọn níkẹyìn. Ó rú mi lójú, àmọ́ mo ní bóyá bí Òyìnbó ṣe ń ronú nìyẹn.

Ẹni tí mo rántí ni Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, akọ̀wé ìjọba, ará Ọ̀mù-Àrán, tó ń dá gbé ní GRA látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wò ó. Ní àná ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé, "Ràájì, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́ńdè ni n óò mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì. Láti ọ̀la, Òkè Sobi ni n óò ti máa dúró de àwọn ará inú ìràwọ̀ yẹn." Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín.

Mo fò sórí kẹ̀kẹ́, ó di Òkè Sobi. Mo bá a lórí àpáta, ó wọ kóòtù, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe mi ni. Kò sẹ́ni tó wá gbé wọn."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni, sà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ó fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Tìtorí mi lo ṣe gun kẹ̀kẹ́ débí?"

"Wàláhì, tìtorí yín ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. N ò mọ èwo ni kí n bá a ṣe. A jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ní Sátidé, ọjọ́ ìkẹyìn fíìmù náà, ó yọjú sí yàrá tí mo ti ń yí i. "Ràájì, jọ̀ọ́, ṣe àṣìṣe yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Láti ìgbà yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí agolo tí n ò wò síná. Àmọ́ ní Sátidé yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bàbá bú mi bí ẹni láyin, mo ṣe bí adití. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè wò ó dé òpin, ó dìde, ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀.

Títí dòní, n ò mọ ohun tí mo ṣe fún ọkùnrin yẹn. Ní Mọ́ńdè, ó lọ síbi iṣẹ́, kò sì fún wọn ní ìwé náà.