Agolo Oògùn Ara Ríro

Títí di òní, bí òórùn epo tuntun bá ta sí mi nímú, gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ìlá ni ọkàn mi ń lọ. Láti ẹkù, níbi tí a ti ń ṣe epo, ni ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá sí ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, epo ṣì wà létí ìró wọn. Ìyàwó pásítọ̀ ló pè wá, tàgbà tèwe, kí a wá sọ̀rọ̀ oògùn olóró láìfi bò. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà kankan kò sì gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ìwọ náà mọ bí ìyẹn ṣe le tó nílùú wa.

Ìyá mi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó nàka sí àbúrò mi ọkùnrin. Ó ní, “Bí ọmọ yìí bá tún gbé oògùn olóró mì, kò ní sùn nílé mi mọ́. N kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.” Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi, tó ti rù kan eegun, kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. “Ẹ má bínú, màámi. Lọ́wọ́ yín ni mo ti kọ́kọ́ gbà á.” Ó yọ káàdì oògùn kan lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ìyá mi yí i síwá sẹ́yìn. Tíràmádò tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ lórí rédíò, kò mọ̀ pé òun ni. Oògùn ara ríro la ń pè é nílé, inú agolo kan la sì ń kó o sí. Bí ó bá ti rẹ àwọn tó ń gún ẹyìn, àbúrò mi náà wà lára wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń fún wọn pẹ̀lú ẹ̀kọ, kí iṣẹ́ lè parí. Àánú ni ìyá mi rò pé òun ń ṣe.

“Ṣé èyí náà ni?”

“Òun ni, mà.”

Ó jókòó. “A jẹ́ pé èmi ni,” ló wí. Nígbà tí a délé, ó da agolo oògùn náà sí ṣáláńgá, ó sì tú àpò aṣọ náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi tún padà sídìí oògùn náà kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò di ẹrù rẹ̀ mọ́.

Èyí tí n kò sọ lọ́jọ́ náà ló ń dùn mí. Ìyá mi ló ń ra oògùn náà, èmi àkọ́bí ni mo ń pín in. Mo dorí kodò nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo jẹ́ kí ìyá mi nìkan ru ẹ̀bi náà, ojú sì ń tì mí títí dòní. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́, ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi ṣáá ni.

Lọ́dún tó kọjá ni mo tó sọ fún àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń bu omi tí mo fi ń gbé e mì. Mo kàn ń retí kí ẹ sọ ọ́ ni.”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe irú ìpàdé yẹn, n kì í wojú ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde mọ́; èmi fúnra mi ni mo ń dìde sọ tèmi.