Eruku Iná Ọkọ̀ Tó Wọ̀ Mí Lójú

Nígbà tí mo fẹ́ fọwọ́ ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ojú ọ̀tún mi. Ó ń ṣe mí bíi pé iyanrìn há sábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí mo bá ṣẹ́jú, á gún mi, omi á sì máa dà. Mi ò lè wo ìmọ́lẹ̀.

Iná iwájú ọkọ̀ Bàbá Tósìn, ọkọ mi, ni mo ń tún ṣe lágbàlá wa ní Lálúpọn. Iṣẹ́ ti gbé wọn lọ sí Òkè Ọya, ó ti pẹ́, oòrùn sì ti sọ ike ojú iná náà di pípọ́n bí omi tíì. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a ní mímọ́ nígbà tí wọ́n bá dé. Mo ń fi sánpépà ha á ní gbígbẹ, eruku funfun ń fò, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú.

Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi, pe ọmọ wọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ pé kó fún omi ọmú sí mi lójú.

"Òun náà ni wọ́n fi wo ojú gbogbo wa," ni wọ́n wí. "Ta ló fọ́jú nínú wa?"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú náà ti ń ṣe ọyún. Mo fọwọ́ bo ojú òsì, mo wo fọ́tò Bàbá Tósìn lára ògiri. Férémù nìkan ni mo rí.

Ní ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn, mo jókòó títí lórí bẹ́ǹṣì, mo tẹrí ba nítorí ìmọ́lẹ̀. Dókítà kán omi aláwọ̀ kan sí ojú náà, ó sì fi iná búlúù wò ó. Ó ṣàlàyé pé awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Eruku ti ha á, kòkòrò àrùn gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó sì di egbò.

"Ṣé màá fi ríran?"

"Mi ò tíì lè sọ, Màmá. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àkókò oògùn ojú tí mo fún yín fò yín."

Bàbá Tósìn pè lórí fóònù. "Ìyá Tósìn, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ iná?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá a ní mímọ́ ni."

"Iná wà lọ́jà. Ojú ẹ ni mo fẹ́ bá nílé."

Láràárọ̀, mo ń bo ojú òsì wo fọ́tò náà. Fìlà wọn ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n. Ẹ̀rín wọn ló pẹ́ jù.

Nígbà tí dókítà gbà fún mi, mo parí iná kejì. Mo lo awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Mo ń ta omi sí i kí eruku má baà fò. Bí nǹkan bá wọ̀ yín lójú, ẹ má ra á, ẹ má sì kán nǹkan kan sí i. Omi mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kẹ́ ẹ sì tètè lọ rí dókítà.

Ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá Tósìn dé, mo wa ọkọ̀ lọ pàdé wọn ní oríta, mo tan iná sójú ọ̀nà. Mo bo ojú òsì. Ojú ọ̀tún ṣì ń ṣe bàìbàì díẹ̀, bí ìgbà ọyẹ́, ó sì lè má kúrò mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì, tí wọ́n fọwọ́ ṣíji bojú.

"Ìyá Tósìn, pa iná yìí, ó ń wọ̀ mí lójú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi. Mi ò tíì pa á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rí i.